Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ yín, ìwé ni kò tíì sí: ìdáhùn fún dìsáínà kan ní Sùúrùlérè

Ìbéèrè: «Ọmọ ọdún 31 ni mí, Sùúrùlérè ni mò ń gbé. Mo gba HND nínú iṣẹ́ gíráfíìkì ní YABATECH, ó sì ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ àdáṣe: lógò, páálí ọjà, Instagram, bánà. Ó ti sú mi láti máa lé owó kiri lọ́wọ́ oníbàárà. Iṣẹ́ olówó-oṣù ni mo fẹ́, ní Ìlú Ọba tàbí Jámánì. Mo ti kọ̀wé sí ibi tó lé ní 80, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n ti ṣọ́ọ̀bù pa kí n lè gbájú mọ́ ọn. Kí ni kí n ṣe?»

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín la máa kọ́kọ́ dáhùn: ẹ má ti ṣọ́ọ̀bù pa o, àfi ìgbà tí físà bá ti wà nínú pásípọ́ọ̀tù. Kì í ṣe torí oúnjẹ òòjọ́ nìkan la fi sọ bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù yẹn gan-an lẹ máa fi pèsè ẹ̀rí tí ẹ ò tíì ní.

Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, a ò rí ibi tó fi hàn pé ẹ ò mọṣẹ́. Ohun tí a rí ni pé ọdún mẹ́fà yín wà nínú WhatsApp, nínú álàátì báńkì àti nínú orí àwọn oníbàárà. Ẹni méjì ló sì máa yẹ ọ̀rọ̀ yín wò lókè òkun. Ọ̀kan ni agbaniṣíṣẹ́, tó ń wo pọtifólíò (àkójọ iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe) àti CV. Èkejì ni òṣìṣẹ́ físà, tó jẹ́ pé ohun tó bá wà nínú ìwé nìkan ló mọ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó lè wọ inú fóònù yín lọ wo bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó.

Ibi tí ẹ̀ ń kọ̀wé sí

Ká bẹ̀rẹ̀ láti Ìlú Ọba, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú 80 yẹn ti ṣòfò. Kì í ṣe gbogbo iléeṣẹ́ ló láṣẹ láti mú òṣìṣẹ́ wọlé láti òkèèrè. Orúkọ gbogbo àwọn tó láṣẹ wà lórí GOV.UK, ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì lè wà á sórí kọ̀ǹpútà kí ẹ ṣí i nínú Excel. Ẹ yọ gbogbo ìlà tí wọn ò bá kọ Skilled Worker, ìyẹn físà òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́, sí kúrò. Iléeṣẹ́ tí kò bá sí nínú ohun tó kù, bí iṣẹ́ yín bá tilẹ̀ wù wọ́n bí oyin, kò lè fún yín ní Certificate of Sponsorship tí ẹ máa fi béèrè físà. Nítorí náà, ìwé orúkọ yẹn lẹ máa kọ́kọ́ wò kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan.

Lẹ́yìn ìyẹn, owó. Láti ọjọ́ 22 oṣù Keje 2025, owó iṣẹ́ ọdún kan kò gbọ́dọ̀ dín sí £41,700, tàbí iye tí ìjọba wọn yàn fún irú iṣẹ́ náà bí ìyẹn bá ga jù ú lọ. Ẹ̀dínwó wà fún àwọn kan, bí ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 26, ṣùgbọ́n ẹ ti kọjá ibẹ̀. Iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kà sí ipele yunifásítì. Iṣẹ́ ni wọ́n ń wọn o, wọn kì í wọn ẹni tó fẹ́ ṣe é. HND yín kò dí yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Ohun tó ń dí èèyàn lọ́wọ́ ni pé ipò dìsáínà tó kàn ń ṣe fláyà àti àwòrán Instagram kì í sábà san tó iye yẹn. Àwọn ipò tó lè dé ibẹ̀ ni senior brand designer, product designer, motion designer, tàbí ẹni tó mọ páálí ọjà dáadáa nílé iṣẹ́ ńlá. Páálí ọjà ti wà nínú iṣẹ́ yín. A ó padà síbẹ̀.

Nàìjíríà ò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n yọ̀ǹda ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì fún, ipele B2 (lórí ìwọ̀n èdè Yúróòpù tó ń lọ láti A1 dé C2) ni wọ́n sì ń béèrè láti oṣù Kìn-ín-ní 2026. Ẹ tún máa ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ilé àyẹ̀wò tí ìjọba wọn fọwọ́ sí. Oṣù mẹ́fà péré ni ìwé rẹ̀ máa ń lò, ẹ má tètè ṣe é jù.

Ní Jámánì, ọ̀nà mẹ́ta la rò pé ó kàn yín. EU Blue Card ń béèrè ìwé-ẹ̀rí yunifásítì tí wọ́n gbà àti owó oṣù tó ga: €48,300 lọ́dún ni ní 2025. Ọ̀nà kejì wà fún ẹni tó ní ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ tí ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ fọwọ́ sí, èyí tó gba ọdún méjì ó kéré tán, pẹ̀lú ìrírí ọdún méjì láàárín ọdún márùn-ún tó kẹ́yìn. €43,470 ni owó tirẹ̀ ní 2025. Oṣù Kìn-ín-ní ọdọọdún ni iye méjèèjì máa ń yí padà, ẹ wo ti ọdún tí ẹ bá fẹ́ lọ. Ọ̀nà kẹta ni Chancenkarte, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 2024: wọ́n á jẹ́ kí ẹ wọlé wá wáṣẹ́ fún ọdún kan, ẹ sì lè ṣiṣẹ́ 20 wákàtí lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń wá a.

Chancenkarte yìí yẹ ká dúró tì díẹ̀. Máàkì mẹ́fà ló ń béèrè, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi hàn pé ẹ ní ìwé-ẹ̀rí tó yẹ àti èdè Jámánì A1 tàbí Gẹ̀ẹ́sì B2. Ẹni tí kò tíì pé 35 gba máàkì 2. Gẹ̀ẹ́sì ipele C1 jẹ́ 1. Ìrírí ọdún márùn-ún láàárín ọdún méje, lẹ́nu iṣẹ́ tó bá ìwé-ẹ̀rí mu, jẹ́ 3. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 6 géérégé. Ṣùgbọ́n 3 tó kẹ́yìn yẹn, bí ẹ ò bá lè fi ìwé tì í lẹ́yìn, á já bọ́, 3 péré ló sì máa kù fún yín. Ẹ tún máa fi hàn pé ẹ lè bọ́ ara yín: ní 2025, €1,091 fún oṣù kọ̀ọ̀kan ni, ìyẹn €13,092 fún ọdún, nínú àkáǹtì tí wọ́n dí, tí ẹ ó máa yọ díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Owó ńlá ni. Ẹni tí kò bá ní in, kó dojú kọ ọ̀nà kejì.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ sórí Jámánì, ẹ lọ sórí anabin, ibi àkójọ ìwé-ẹ̀rí àgbáyé tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ iléèwé yín àti irú ìwé-ẹ̀rí yín síbẹ̀. Bí kò bá yé yín tàbí kò sí níbẹ̀, àjọ ZAB ló ń yẹ ìwé-ẹ̀rí wò, €208 ni wọ́n ń gbà. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ transcript ní YABATECH láti ìsinsìnyí, nítorí àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ kì í yá.

Fáìlì oníbàárà

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí nìyí, ibẹ̀ sì ni a fẹ́ kí ẹ lo oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ fún.

Ẹ ò béèrè nípa Kánádà, ṣùgbọ́n nínú àwọn tí a mọ̀, àwọn ló sọ ojú abẹ níkòó jù lórí ẹ̀rí iṣẹ́ àdáṣe, ìlànà wọn sì dára láti fi kọ́ fáìlì fún orílẹ̀-èdè yòówù. Wọ́n ní kí ẹni tó ń ṣe ti ara rẹ̀ mú ẹ̀rí pé òun ló ni iṣẹ́ náà, ẹ̀rí owó tó wọlé láti inú rẹ̀, àti ìwé láti ọwọ́ ẹlòmíràn tó sọ iṣẹ́ tí a ṣe fún un àti iye tó san. Wọ́n wá fi kún un pé àlàyé tí èèyàn kọ fúnra rẹ̀ tàbí ìwé ìbúra kóòtù kò tó. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ará Èkó kì í retí. Níhìn-ín, bí nǹkan kan ò bá sí, a máa lọ búra ní kóòtù, ọ̀rọ̀ á parí. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìbúra yín lórí iṣẹ́ yín ò jẹ́ ẹ̀rí.

Ẹ̀rí pé ẹ ló ni iṣẹ́: ẹ forúkọ iṣẹ́ yín sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, bí ẹ ò bá tíì ṣe é, kí ẹ sì fi ìwé rẹ̀ ṣí àkáǹtì lórúkọ iṣẹ́ náà. Ọjọ́ tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ ló máa wà lórí ìwé náà, kò lè padà sí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, nítorí náà àwọn ìwé yòókù ló máa ru ọdún àtẹ̀yìnwá.

Owó tó wọlé: ìṣòro méjì ló máa ń bá sìtéétímẹ́ǹtì wa. Àkọ́kọ́, ohun tí oníbàárà kọ sí àlàyé nígbà tó ń sanwó: «transfer», «God bless», tàbí òfìfo. Láti òní lọ, gbogbo ìnfóìsì yín gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà, ẹ sì bẹ oníbàárà kó kọ nọ́ńbà yẹn síbi àlàyé. Èkejì ni owó tó gba àkáǹtì ẹlòmíràn wọlé, ti ẹ̀gbọ́n tàbí ti ọ̀rẹ́, lọ́jọ́ tí app báńkì ò ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Owó yẹn kò ṣeé kà mọ́ tiyín. Owó tó bá gba orí Payoneer (ibi ìgbowó láti òkèèrè) àti Upwork (ọjà iṣẹ́ àdáṣe orí íńtánẹ́ẹ̀tì) wọlé ló rọrùn jù, nítorí àwọn fúnra wọn ló ń kọ ìtàn owó náà kalẹ̀, ẹ kàn máa wà á jáde ni.

Lẹ́tà oníbàárà: ẹ mú oníbàárà mẹ́fà sí mẹ́jọ tó bo ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láìsí àlàfo ńlá láàárín. Ẹ má mú àwọn tó lórúkọ jù. Àwọn tó máa gbé fóònù bí wọ́n bá pè wọ́n lẹ mú. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà lórí ìwé olórí-lẹ́tà iléeṣẹ́, ó ní déètì, ó sọ oṣù tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti oṣù tó parí, irú iṣẹ́ tí ẹ ṣe ní gbólóhùn mẹ́ta sí márùn-ún, iye tí wọ́n san lápapọ̀, orúkọ àti ipò ẹni tó buwọ́ lù ú, nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n tún un ṣe kí wọ́n sì buwọ́ lù ú. Ẹni tí ẹ bá ní kó fúnra rẹ̀ jókòó kọ ọ́ á sọ pé òun ń bọ̀, oṣù á kọjá. Àmọ́ kí ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà méjì má ṣe jọra bí ìbejì. Òṣìṣẹ́ físà máa ń rí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe tẹ ìnfóìsì tuntun kí ẹ kọ déètì 2020 sí i. Dìsáínà ni yín, ó rọrùn fún yín láti ṣe é kó dára, ìdí tí ewu rẹ̀ fi pọ̀ nìyẹn. Ní Ìlú Ọba, ayédèrú ìwé kan ṣoṣo lè fa ìkọ̀sílẹ̀ tó máa ti ilẹ̀kùn fún ọdún 10. Ọdún tí ẹ ò bá ní ìnfóìsì fún, lẹ́tà oníbàárà àti ìlà owó nínú sìtéétímẹ́ǹtì ti tó.

Owó orí wà nínú ọ̀rọ̀ yìí náà. Ẹni tó ń ṣe ti ara rẹ̀ ní Èkó gbọ́dọ̀ fi ìròyìn owó tó wọlé ránṣẹ́ sí LIRS, àjọ owó orí Ìpínlẹ̀ Èkó, kó tó di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdọọdún. Tax Clearance Certificate tó ń tìdí rẹ̀ jáde ń bo ọdún mẹ́ta, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára ìwé ìjọba díẹ̀ tó lè sọ pé lóòótọ́ lẹ ń ṣiṣẹ́ tí owó sì ń wọlé. Lábẹ́ òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní 2026, kò sí owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó yẹ kí wọ́n gba owó orí lé lórí lọ́dún. Ẹ má sá fún un.

Pọtifólíò

Agbaniṣíṣẹ́ tó fẹ́ san owó oṣù kò ra àwòrán tó dára nìkan. Ó ń wá ẹni tó lè jókòó pẹ̀lú àwọn mìíràn fún ọdún mẹ́ta, tó lè ṣàlàyé ìdí tó fi yan ohun tó yàn. Pọtifólíò àdáṣe Èkó sábà máa ń jẹ́ lógò 40 lórí ojú ewé funfun. Ẹ yọ 35 kúrò. Iṣẹ́ márùn-ún tó, kí kálukú ní ojú ewé 8 sí 12, kí PDF rẹ̀ má ju 10 MB lọ.

Ká ní ẹ ṣe páálí fún ẹni tó ń ta gaàrí Ìjẹ̀bú. Àwọ̀ ewé tó wu oníbàárà lórí fóònù jáde ní ṣíṣú nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Ṣómólú. Kí ló fà á? Ìmọ́lẹ̀ ni ojú fóònù fi ń dá àwọ̀, íǹkì mẹ́rin ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, àwọ̀ ewé tó ń tàn yòò sì wà lára àwọn tí íǹkì mẹ́rin yẹn ò lè dé. Kí lẹ ṣe sí i? Ṣé ẹ yan àwọ̀ ewé mìíràn tí CMYK (íǹkì mẹ́rin yẹn) lè gbé, àbí ẹ ní kí oníbàárà sanwó fún íǹkì karùn-ún? Mélòó lẹ kọ́kọ́ tẹ̀ wò? Ṣé ẹ fi 3 mm sílẹ̀ létí fún ọ̀bẹ? Ṣé dúdú ọ̀rọ̀ kéékèèké jẹ́ íǹkì dúdú nìkan, kí lẹ́tà má baà hàn ní méjì-méjì bí páálí bá yẹ̀ díẹ̀ nínú ẹ̀rọ? Ẹ ya fọ́tò páálí gidi lórí igbá nínú ṣọ́ọ̀bù, kó má jẹ́ mockup (àwòrán àfarawé orí kọ̀ǹpútà) tí gbogbo ayé ti rí. Ojú ewé tó fi àṣìṣe àkọ́kọ́ àti àtúnṣe rẹ̀ hàn ló máa ń mú kí ẹni tó ń gbani síṣẹ́ dúró kà.

Ohun kan tún wà tí a rò pé àwọn dìsáínà wa ń fojú kéré: àmì ohùn Yorùbá. Ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Lẹ́tà ni a máa kọ, a ó wá gbé àmì lé e lórí lọ́tọ̀. Fọ́ńtì tí wọn ò ṣe dáadáa á ju àmì náà sórí lẹ́tà kejì, tàbí kó di àpótí òfìfo. Bí ẹ bá ti tẹ káàdì ìgbéyàwó tàbí ìwé ètò ìsìnkú tí gbogbo àmì rẹ̀ pé, tí ẹ fi àyè kún àárín ìlà kí àmì má baà gún ìlà òkè, ẹ ti yanjú irú ìṣòro tí iléeṣẹ́ tó ń ṣe app fún èdè púpọ̀ ń dojú kọ. Ẹ sọ ọ́ di ọ̀kan nínú iṣẹ́ márùn-ún yẹn.

CV ní tirẹ̀, ojú ewé méjì. Ẹ kọ iṣẹ́ àdáṣe bí iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, kí oníbàárà mẹ́rin tó lágbára wà lábẹ́ rẹ̀. Fún Ìlú Ọba, ẹ yọ fọ́tò, ọjọ́ ìbí, ìpínlẹ̀ àti ẹ̀sìn kúrò. Òpó ọ̀rọ̀ (kọ́lọ́ọ̀mù) kan ṣoṣo ni kó ní, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ lè kà. CV aláràbarà tí ẹ yí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ di àwòrán nínú Illustrator, òfìfo ni kọ̀ǹpútà wọn máa rí. Ẹ sọ ọ́ gbangba pé ẹ nílò físà. Bí ẹ bá fi pamọ́, ìpàdé kẹta ló máa tú, àkókò gbogbo yín á ti ṣòfò.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Ìbẹ̀rù wọn nípa ẹni tó ti ń dá ṣiṣẹ́ pẹ́ ni pé kò ní lè bá ẹlòmíràn ṣe é. Ẹ múra àpẹẹrẹ méjì sílẹ̀: ọ̀kan pẹ̀lú atẹ̀wé tàbí ẹni tó ń kọ kóòdù, ọ̀kan níbi tí oníbàárà ti kọ èrò yín, kí ẹ sì sọ ohun tó yí padà nínú iṣẹ́ náà. Fáìlì Figma (app tí àwọn dìsáínà fi ń ṣiṣẹ́ pọ̀) tí gbogbo léyà rẹ̀ lórúkọ ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Wọ́n lè fún yín níṣẹ́ àdánwò. Ẹ béèrè wákàtí tó yẹ kó gbà; bó bá ju ọjọ́ kan lọ, ẹ béèrè owó. PDF lẹ máa fi ránṣẹ́, ẹ má fún wọn ní fáìlì gidi. Ẹ rántí pé Èkó kì í yí aago padà: láti ìparí oṣù Kẹta sí ìparí oṣù Kẹwàá, aago wa bá ti London mu, Berlin sì fi wákàtí kan ṣíwájú wa, nígbà òtútù, Berlin bá wa mu, London á fi wákàtí kan wà lẹ́yìn. Ẹ gba agbára sínú inverter láti òru, kí ẹ sì ní síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì. Ẹ jókòó síbi tó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, torí ariwo rẹ̀ máa ń wọ inú maikirofóònù.

Owó tó máa kù

Ẹ má fi £41,700 lu náírà kí orí yín wá wú. Ní Ìlú Ọba, £12,570 àkọ́kọ́ kò ní owó orí. £29,130 tó kù, wọ́n á gba 20% níbẹ̀, ìyẹn £5,826, àti National Insurance (owó ìdójútòfò ìjọba wọn) 8%, tó jẹ́ £2,330. Ohun tó máa bọ́ sí àkáǹtì yín jẹ́ bíi £2,795 lóṣù, kí owó ìfẹ̀yìntì tó kúrò níbẹ̀. Ilé, iná àti ọkọ̀ á jáde nínú rẹ̀. Fún físà ọdún mẹ́ta, owó ìlera tí àjèjì ń san pẹ̀lú físà jẹ́ £1,035 lọ́dún, ìyẹn £3,105, ẹ sì máa san án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ tún gbọ́dọ̀ ní £1,270 nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28, àfi bí agbaniṣíṣẹ́ bá kọ ọ́ pé òun á dúró fún yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó buwọ́ lùwé: ta ló ń san owó físà, owó ìlera àti tíkẹ́ẹ̀tì? Bí mo bá kúrò kí ọdún méjì tó pé, ṣé mo máa dá a padà? Irú ìlà yìí máa ń wà nínú ìwé àdéhùn, inú àwọn ojú ewé ẹ̀yìn ló sì máa ń wà.

Bí iṣẹ́ náà bá já, wọ́n sábà máa ń fún èèyàn ní ọjọ́ 60 láti rí agbaniṣíṣẹ́ mìíràn tó láṣẹ tàbí kó kúrò. Ẹ fi owó tó lè gbé yín oṣù mẹ́ta sílẹ̀ fún un.

Ẹnikẹ́ni tó bá sì ní kí ẹ san mílíọ̀nù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí òun lè fún yín ní Certificate of Sponsorship, ẹ sá. Òfin wọn kò gbà kí agbaniṣíṣẹ́ yí owó ìwé yẹn lé òṣìṣẹ́ lórí.

Ṣọ́ọ̀bù náà

Ọjọ́ tí físà bá jáde ni ìgbà tó tọ́ láti sọ fún àwọn oníbàárà, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n bá fún yín níṣẹ́. Ẹ gba gbogbo gbèsè tó wà níta kí ẹ tó fún wọn ní fáìlì gidi. Domain àti àkáǹtì Instagram tí ẹ ṣí fún oníbàárà lórúkọ yín, ẹ yí i sórúkọ tiwọn. Ẹ wá dìsáínà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́ yín lọ́rùn, kí ẹ mú un mọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan, nítorí àwọn tó buwọ́ lu lẹ́tà fún yín ni òṣìṣẹ́ físà lè pè, ó sì yẹ kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nínú ìtẹ́lọ́rùn.

Bí ẹ bá ti débẹ̀, ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ oníbàárà Sùúrùlérè kò kan ìjọba ibẹ̀ torí pé náírà ni wọ́n fi ń sanwó. Níbi tí ẹ bá jókòó sí ṣe iṣẹ́ ni wọ́n máa ń kà sí ibi iṣẹ́, àwọn físà kan sì pààlà sí iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́. Ní Ìlú Ọba pẹ̀lú, ohun tí òṣìṣẹ́ bá yà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, agbaniṣíṣẹ́ ló ni ín, àfi bí wọ́n bá kọ nǹkan mìíràn sínú ìwé àdéhùn. Bí ẹ bá fẹ́ máa fi iṣẹ́ tí ẹ ṣe ní Èkó hàn, ẹ tò ó sójú ewé kan kí ẹ sì so ó mọ́ ìwé àdéhùn náà kí ẹ tó buwọ́ lù ú.